Ògèdè àti Ọ̀gẹ̀dẹ̀: Bananaman Yẹ Kó Wọ Kíláàsì Wa

Nínú gbogbo akọni abàmì tí wọ́n ti yà sínú kọ́míìkì, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ẹni tí kì í dá ojú ọ̀run mọ̀ yàtọ̀ sí ara ògiri. Bananaman ni wọ́n ń pè é. Ó lè fò, àmọ́ ibi tó ń fò lọ kì í sábà dá a lójú. Ó lágbára bí nǹkan míì, síbẹ̀ ọ̀daràn lè dúró níwájú rẹ̀ kó máà mọ̀ pé ọ̀daràn ni. Ọmọ ilẹ̀ Bírítéènì ni, ó ti lé ní ọdún 40 tó ti wà lórí ìwé, ọgbọ́n rẹ̀ ò sì tíì kúrò níbi tó wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sọ fún mi ní sáà yìí pé Bananaman kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Olùkọ́ kan ló kọ́kọ́ sọ ọ́ nígbà tí mo gbé àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá mi lọ bá a. Ó wo bébà náà, ó wò mí, ó ní, "Lọ wá nǹkan gidi kọ." Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa ló sọ ìkejì, òun rò pé ńṣe lòun ń tù mí nínú: ó ní kí n má bínú, àwàdà Òyìnbó ò kúkú ṣeé túmọ̀ sí Yorùbá. Ti olùkọ́ ò dùn mí tó ti ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tó bá ní nǹkan ò yẹ fún ìwádìí, ó lè yí ọkàn padà lọ́la. Ẹni tó bá ní èdè ìyá rẹ̀ ò lè gbé nǹkan, kò tilẹ̀ ní gbìyànjú láti gbé e.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mọ̀ ọ́n: Eric Wimp ni orúkọ rẹ̀ nílé, ọmọ ilé-ìwé tín-ín-rín kan tó ń gbé ní ojúlé 29, òpópónà Acacia. Wimp yẹn gan-an, ojo ló túmọ̀ sí, ẹni tí afẹ́fẹ́ lásán lè gbé ṣubú. (Àwa náà ń sọ ọmọ ní Òjó. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọmọ ní Ojo.) Tí Eric bá ti jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan báyìí, kíá, á di gìrìpá ọkùnrin, aṣọ búlúù á lẹ̀ mọ́ ọn lára, ìborùn yẹ́lò á sì máa fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Agbára dé. Ọgbọ́n ò bá a dé. Kannakánná kan tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn ló ń bá a rìn, ẹyẹ yìí ló sì ń bá a ronú ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

Ọjọ́ 16 oṣù Kejì ọdún 1980 ni déètì tó wà lára ẹ̀dà àkọ́kọ́ Nutty, níbi tó ti kọ́kọ́ yọjú. D.C. Thomson ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde, ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Dundee ní Scotland. Dave Donaldson àti Steve Bright ló hùmọ̀ rẹ̀, John Geering ló sì ń yà á títí ó fi kú lọ́dún 1999. Nígbà tí wọ́n pa Nutty pọ̀ mọ́ Dandy lọ́dún 1985, Bananaman bá a lọ. Nígbà tí Dandy orí bébà kógbá wọlé lọ́dún 2012, ó ti ráyè sínú Beano ṣáájú. BBC náà fi í ṣe kàtúùnù láàárín ọdún 1983 sí 1986, wọ́n sì yí Wimp padà sí Twinge níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni yìí ṣe ń yè é bọ́, ilé tó bá wó kì í wó lé e lórí.

Ẹ má gbàgbé pé ọdún 1938 tí Superman jáde ní Amẹ́ríkà, ọdún yẹn náà ni Beano bẹ̀rẹ̀ ní Dundee. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń ya ọkùnrin tí ọta ìbọn ò ràn. Àwọn ará Dundee ń ya ọmọ aláìgbọràn tí pàṣán ń ràn dáadáa. Kí àwọn wọ̀nyí tó wá ya akọni abàmì tiwọn, ó ti dájú pé wọ́n máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ ni. Èmi ò rò pé ìlara ni. Mo rò pé ó ti sú wọn láti máa rí ọkùnrin tí kì í ṣìṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa ọmọ ẹ̀ka yìí rèé.

Akọni kan wà tó ṣáájú Bananaman tí wọ́n ń pè ní Captain Marvel, ọdún 1940 ni òun jáde. Ọmọdé ni òun náà, Billy Batson ni orúkọ rẹ̀. Tó bá ti pe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, SHAZAM, àrá á sán, ọmọdé á di àgbà alágbára. Lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà inú ọ̀rọ̀ yẹn, orí orúkọ ẹni mẹ́fà ni wọ́n ti ṣà wọ́n: Solomon, Hercules, Atlas, Zeus, Achilles àti Mercury. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń fi ẹnu pè, tí orúkọ àwọn alágbára wà nínú rẹ̀, tó sì ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀: kí ni Yorùbá ń pe irú rẹ̀? Ògèdè ni. Eric Wimp wá dé ní ogójì ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ọmọdé tó ń di alágbára bíi ti Billy gẹ́lẹ́, àmọ́ kò pe nǹkan kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló jẹ.

Billy ń pe ògèdè, Eric ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ tún un kà jẹ́jẹ́. Kọ́ńsónáǹtì kan náà ni. Ohùn kan náà ni, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀. Fáwẹ́lì nìkan ló yàtọ̀: àhánudíẹ̀pè ni ti ògèdè, àyanudíẹ̀pè ni ti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ la ẹnu yín díẹ̀ sí i, ògèdè á di ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ la ẹnu kẹ́ ẹ tó lè jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀! Ẹ ò sì lè yí fáwẹ́lì ẹyọ kan ṣoṣo padà kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀, nítorí àǹkóò fáwẹ́lì ò ní gbà. Tí ọ̀kan bá là, gbogbo wọn á là ni. Kò sẹ́ni tó gbèrò èyí ní Dundee. Ẹ̀bùn tí Yorùbá fún ìtàn náà ni, àwọn tó ni ín ò mọ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí n fi ojú ìwé kan ṣàlàyé àǹkóò fáwẹ́lì fún ọlọ́dún kìíní, àwọn ọmọdé méjì yìí ni màá yà síbẹ̀, ọ̀kan ń pe ọfọ̀, ìkejì ń bó èèpo.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àwàdà tí wọ́n ní kò ṣeé túmọ̀. Ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa Bananaman ní Gẹ̀ẹ́sì ni pé iṣan ogún ọkùnrin ló ní, ọpọlọ ogún mussel ló sì ní. Ẹ̀fẹ̀ ibẹ̀ ni pé muscle, ìyẹn iṣan, àti mussel, ẹran omi kan tó ń gbé inú ìkaraǹhun, ìró kan náà ni wọ́n ní. Ẹran omi yìí ò lórí, ká tó wá sọ ti ọpọlọ. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n túmọ̀ ìyẹn. Ó ní iṣan ò bá orúkọ ẹran omi kankan dọ́gba ní Yorùbá, àti pé púpọ̀ nínú wa ò tilẹ̀ rí mussel rí. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ ta ló ní iṣan la gbọ́dọ̀ dì mú?

Ó ní agbára ogún ọkùnrin, ó ní ọpọlọ ogún ọ̀pọ̀lọ́.

Gbogbo ẹni tí mo ti ka gbólóhùn yẹn sí létí ló rẹ́rìn-ín, àfi olùkọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, òun sì ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. Ọpọlọ, ohùn àárín mẹ́ta. Ọ̀pọ̀lọ́, ìsàlẹ̀ méjì, òkè kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìtijú: ti Yorùbá dùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ti Gẹ̀ẹ́sì fi orí iṣan bẹ̀rẹ̀ kó tó yí padà sórí ọpọlọ, ara iṣan sì ni ẹ̀fẹ̀ wà. Orí ọpọlọ gan-an ni tiwa ṣe eré rẹ̀, níbi tí àléébù ọkùnrin náà wà. Gbogbo wa ló sì mọ ọ̀pọ̀lọ́, gbogbo wa ló mọ bó ṣe ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà lálẹ́ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó wù mí ju ẹ̀rín lọ. Ní Gẹ̀ẹ́sì, etí ò lè ya muscle àti mussel sọ́tọ̀, ojú ló ń yà wọ́n, nítorí sípẹ́lì wọn ò dọ́gba. Ní Yorùbá, etí ló ń ya ọpọlọ àti ọ̀pọ̀lọ́. Ojú ò lè yà wọ́n àfi tí àmì bá wà lórí wọn. Ẹ wá wo bá a ṣe ń kọ Yorùbá lórí fóònù: opolo ogun opolo. Kí nìyẹn? Ọpọlọ ogún ọ̀pọ̀lọ́ ni, àbí ọpọlọ ogun, ìyẹn ọpọlọ ọ̀gágun tó mọ ogun jà? Tẹ́ ẹ bá yọ àmì kúrò, èébú di oríkì. Wọ́n ti sọ òmùgọ̀ wa di ọ̀gbọ́n láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sì tilẹ̀ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kankan. Ogede náà ń kọ́? Ògèdè ni tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀? Lórí WhatsApp kíláàsì wa, Captain Marvel àti Bananaman ti di ẹnì kan náà.

Ọdọọdún ni wọ́n ń kọ́ wa pé àmì ohùn ṣe pàtàkì, àpẹẹrẹ kan náà ni wọ́n sì ń lò, igba, igbá, ìgbà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, títí tí àwọn tó wà lẹ́yìn kíláàsì á fi sùn. Èmi ò kórìíra igbá. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá ti rẹ́rìn-ín sí ọpọlọ ogún ọ̀pọ̀lọ́ ò ní gbàgbé mọ́, nítorí ó ti rí i pé tí àmì bá sọnù, ẹ̀rín òun náà á sọnù.

Orúkọ rẹ̀ ló fún mi níṣẹ́ jù. Gẹ̀ẹ́sì kàn gbé banana, ó gbé man, ó so wọ́n pọ̀. Ọkùnrin Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò dùn lẹ́nu, ó dà bí ìgbà tí ẹ̀rọ bá túmọ̀ nǹkan. Tiwa ni ká lo àfòmọ́ oní-, kó di Ọlọ́gẹ̀dẹ̀. Àmọ́ ta ni Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ létí Yorùbá? Ìyá tó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí àtẹ ni. Inú mi wá dùn nígbà tí mo rí i pé ìṣòro yẹn gan-an ni àwàdà. Ẹ fojú inú wò ó: wọ́n ń pariwo "Ọlọ́gẹ̀dẹ̀! Ọlọ́gẹ̀dẹ̀!" nísàlẹ̀, akọni wa fò wá fìrì, ó da òrùlé méjì wó lójú ọ̀nà, ó dúró, ó fọwọ́ sí ìbàdí. Obìnrin tó ń pè é ní, "Ẹ dákun, èló ni ìdì kan?" Kò sí bí ìyẹn ṣe lè ṣẹlẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì.

A sì tún gbọ́dọ̀ pinnu irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó jẹ́, nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ń sọ kó ohun tí Gẹ̀ẹ́sì pín sí méjì pọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Tó bá jẹ́ àgbagbà, ó di dandan kó kọ́kọ́ dín dòdò, kí epo tó gbóná, olè ti délé rẹ̀.

Ẹnì kan lọ́dún kẹta pe Bananaman ní Ìjàpá àwọn Òyìnbó. Mo mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì ń kó sí wàhálà, àwọn méjèèjì ń pa wá lẹ́rìn-ín. Àmọ́ ọ̀nà wọn ò pàdé níbì kankan. Ọgbọ́n àgbọ́njù ló ń ba ti Ìjàpá jẹ́. Ó ti ronú nǹkan yí ká, ó ti rẹ́ gbogbo àgbà jẹ, ibi tí kò ronú dé ló ti ṣubú. Bananaman ò ronú rárá, ó sì ń borí. A máa ń yọ̀ tí Ìjàpá bá ṣubú, nítorí ó ti jẹ gbèsè ẹ̀. Tí Bananaman bá ṣubú, àánú rẹ̀ ló ń ṣe wá, nítorí kò ní ibi lọ́kàn. Ó fẹ́ ran èèyàn lọ́wọ́ ni, orí ni ò gbé e. Àti pé nínú gbogbo ariwo rẹ̀, Eric ṣì wà níbẹ̀, ọmọdé tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní Ojo. Mi ò tíì rí olúwarẹ̀ nínú àlọ́ wa, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kó wá. Tó bá jẹ́ pé Ìjàpá ni, kí la fẹ́ túmọ̀ ẹ̀ fún?

Ní ti ìró, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kíákíá. Kọ́míìkì Gẹ̀ẹ́sì kún fún CRASH àti THUD. Akọni tó ń kọlu nǹkan bíi ti Bananaman nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwa la sì ní in lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ṣubú gbì, ara rẹ̀ wúwo. Ẹni tó bá ṣubú yakata, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́n káàkiri. Ohùn tiẹ̀ ń wọn ìwọ̀n nǹkan fún wa: rógódó ni nǹkan róbótó kékeré, rògòdò ni ńlá rẹ̀. Nítorí náà tí Eric bá jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò pọn dandan kí n kọ pé ó tóbi. Kí n gbé ojú rẹ̀ láti rógódó lọ sí rògòdò, ohùn nìkan ti sọ ọ́. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lójú ìwé mẹ́rin tí mo túmọ̀, gbólóhùn mi sì kúrú ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ìdí tí mo fi ń fi gbogbo èyí da ara mi láàmú ni àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó gbọ́ Yorùbá. Ó ń kí èèyàn ní Yorùbá, ó ń gbàdúrà ní Yorùbá, wọ́n sì ń bá a wí ní Yorùbá. Tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, Gẹ̀ẹ́sì ló ń lọ bá. Kàtúùnù rẹ̀, ìwé rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ tòun tàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Lójú tiẹ̀, Yorùbá ni èdè tí wọ́n fi ń sọ fún èèyàn pé kó kúnlẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ohun tó rí ló gbà gbọ́. Èmi sì mọ̀ pé ọmọ tí kò bá fi èdè kan ṣeré rí, tó bá dàgbà tán, ẹnu àgbà nìkan ni yóò máa fi í bá sọ̀rọ̀, kò ní fi bá ọmọ tirẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn òbí wa ka Atọ́ka, eré tí wọ́n fi fọ́tò ṣe, tí ọ̀rọ̀ Yorùbá ń jáde lẹ́nu àwọn òṣèré lójú ìwé. Wọ́n ń ra á fún ìgbádùn, kò sí ẹni tó fún wọn ní ìdánwò lórí rẹ̀. Kí ni mo lè fún àbúrò mi tó dà bẹ́ẹ̀ lónìí? Ìwé àṣà àti ìṣe ló kún orí tábìlì.

Mo ka ojú ìwé mẹ́rin yẹn fún un. Ó béèrè pé ṣé ọ̀pọ̀lọ́ ní ọpọlọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un sọ yí ká ilé, ó ń mọ̀ọ́mọ̀ gbé ohùn rẹ̀ sódì, ó ń pe bàbá wa ní ọlọ́pọ̀lọ́ pípé. Ìyẹn, ní èdè ẹ̀ka wa, ọmọ ọdún mẹ́wàá ń fi ohùn ya fóníìmù. Bàbá wa ò rí i bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní parọ́ pé gbogbo rẹ̀ ló bọ́ sí i. Wọ́n máa ń pe Superman ní Man of Steel, wọ́n wá ń pe tiwa ní Man of Peel. Steel di peel, irin di èèpo. Mo ti jà pẹ̀lú ẹyọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tí mo ní báyìí ni Akọni Irin fún Superman àti Akọni Ẹ̀rín fún Bananaman. Irin, ẹ̀rín: ó súnmọ́ ara wọn lẹ́nu, ó sì nítumọ̀, àmọ́ èèpo ti bọ́ sọ́nù, èèpo náà gan-an sì ló ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́dún kejì tẹ́ ẹ ń ṣe fónọ́lọ́jì lọ́wọ́, àti ẹ̀yin àgbà wa tẹ́ ẹ ti jáde tẹ́ ẹ ṣì ń ka magasíìnì yìí, ẹni tó bá rí ọ̀rọ̀ tó lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tí èèpo á sì wà nínú rẹ̀, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn olóòtú kó tó di ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Kó jọ̀ọ́, kó fi àmì sí i.